Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Agbóòórùn Bẹntiróòlù, àti Bí A Ṣe Ń Fi Í Sínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọkọ̀ ojú omi tí mo ń lò ní Èkó jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò so rọ̀ sí ìdí ọkọ̀ bíi ti àwọn ọkọ̀ èrò tó ń ná Ìkòròdú sí Márínà. Inú ihò kan tí ìdérí bò ní ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó wà, táǹkì epo sì wà lábẹ́ ilẹ̀ tí à ń tẹ̀. Ẹni tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì ń fi bẹntiróòlù wà á, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, lórí ẹ̀rọ tó ń pariwo bí ó bá gbóòórùn bẹntiróòlù nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ gbalasa, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níta, tí kẹ́ẹ̀gì epo sì jókòó síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ẹ má wulẹ̀ náwó sí ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi pákó tàbí fáíbà yí táǹkì náà ká, tí ẹ sọ ọ́ di àpótí tí èrò ń jókòó lé, ọ̀rọ̀ náà ti kàn yín.

Ènìyàn kò lè mọ ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ náà wà bí kò bá mọ ìwà ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣọ́. Bẹntiróòlù tó wà nínú táǹkì kọ́ ló ń bú gbàù, ooru tó ń tú jáde lára rẹ̀ ni, ooru tí ojú kò rí, tí imú nìkan ń gbọ́. Ooru yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà kì í gòkè bí èéfín ààrò. Ṣe ni ó ń ṣàn bí omi. Á gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì, á gba ẹ̀gbẹ́ páńpù tó ń fa omi jáde, á sì sùn sí ikùn ọkọ̀, níbi tó jìn jù lọ. Bí epo mọ́tò bá ń jò, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni yóò jò sí, atẹ́gùn yóò sì gbé ooru rẹ̀ lọ. Abọ́ ni ọkọ̀ ojú omi ní tirẹ̀, ohun tó bá sì bọ́ sínú abọ́, inú abọ́ ni yóò wà títí ẹnìkan yóò fi kó o jáde.

Kì í ṣe gbogbo ìwọ̀n ooru epo ni ó ń gbaná. Bí kò bá tíì tó ìdá 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, kò tíì lè jó. Bí ó bá sì ti kọjá nǹkan bí ìdá 7.6, ó ti pọ̀ ju ohun tí iná lè mú lọ, àfi bí afẹ́fẹ́ bá tún là á. Ààrin méjèèjì ni ewu wà. Ìdá 1.4 kò jọ ohun bàbàrà létí, ṣùgbọ́n ẹ wo ihò ẹ́ńjìnnì tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì jìn ní mítà kan: bẹntiróòlù tí kò ju nǹkan bí ìdajì agolo mílíìkì kékeré lọ, bí gbogbo rẹ̀ bá di ooru, ti tó láti sọ ihò náà di àdó olóró. Níwọ̀n bí ooru náà kì í sì í tàn káàkiri lọ́gbọọgba, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ń kó jọ sí, èyí tó kéré sí ìyẹn pàápàá lè ba ọkọ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tó dára kì í fi dúró dé 1.4 kó tó pariwo. Ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n yẹn ni wọ́n máa ń ṣe é sí, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú 1,000 afẹ́fẹ́, kí àyè lè wà fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀ láti ṣe ohun tó yẹ.

Ẹ̀rọ náà pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni imú rẹ̀, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní sẹ́ńsọ̀, èyí tó ń lọ sínú ihò ẹ́ńjìnnì. Ìkejì ni ojú rẹ̀, tí iná àti fèrè rẹ̀ wà lára rẹ̀, èyí tó ń dúró níwájú awakọ̀. Wáyà ló so méjèèjì pọ̀. Nínú imú yìí ni ohun kékeré kan wà tí iná bátìrì ń mú gbóná, tí ìwà rẹ̀ sì ń yí padà bí ooru epo bá fara kàn án. Ẹni tó bá ń ronú dáadáa yóò béèrè bí ohun gbígbóná ṣe lè wà láàrin ooru epo tí kò ní dáná sí i. Àwọ̀n irin tó nípọn ni wọ́n fi bo ojú imú náà, ooru epo lè gba inú rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n iná kò lè gba inú rẹ̀ jáde. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: òun ni Humphry Davy lò ní ọdún 1815 nígbà tó ṣe àtùpà fún àwọn awakùsà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí iná àtùpà wọn má bàa gbá gáàsì tó wà nínú ihò èédú mú. Nítorí náà, bí àwọ̀n ojú imú náà bá ti ya, tàbí tí ẹnìkan ti fi ìṣó lu ú láti fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀, ẹ má lò ó mọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni bóyá ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ṣe é fún. Ní Amẹ́ríkà, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ irú ẹ̀rọ yìí wò ni UL 1110, ABYC tó ń ṣe ìlànà fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ sì ní ìlànà kan tí wọ́n pè ní A-14 lórí bó ṣe yẹ kí a fi í sínú ọkọ̀. Ẹ wá UL 1110 yìí lára páálí tàbí nínú ìwé ìlò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó rí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ gáàsì ìdáná ní Alábà, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ̀ ojú omi, ẹnìkan yóò sì sọ fún yín pé gáàsì ni gáàsì ń jẹ́. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ilé ń lo iná NEPA, ara ògiri gbígbẹ ni wọ́n ṣe wọ́n fún, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ọ̀sà yóò jẹ wọ́n láìpẹ́, ohun tó sì burú jù ni pé kò sí ẹni tó ṣèlérí pé iná kò ní ta nínú àwọn fúnra wọn. Bákan náà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ carbon monoxide, ìyẹn èéfín olóró tó ń ti ẹnu ẹgisọ́ọ̀sì jáde, kò lè gbọ́ òórùn bẹntiróòlù rárá. Ọkọ̀ tó ní yàrá tí ènìyàn ń sùn sí nílò àwọn méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ tún wo bóyá imú náà ṣeé yọ, tí a sì lè ra òmíràn fi rọ́pò rẹ̀ láìra gbogbo ẹ̀rọ. Imú máa ń gbó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ẹ wo déètì ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí èyí tó ti wà lórí káńtà fún ọdún mẹ́ta kì í ṣe tuntun mọ́ bó ti wù kí páálí rẹ̀ máa dán tó. Èyí tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ ni pé kí ẹ̀rọ náà lè ṣọ́ ara rẹ̀: bí wáyà imú bá já, kí ojú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kó má kàn tan iná àwọ̀ ewé bí ẹni pé àlàáfíà wà. Ní ti àwọn oríṣi tó lè fúnra wọn tan fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ihò ẹ́ńjìnnì jáde bí wọ́n bá gbóòórùn epo, ojú tí mo fi wò wọ́n ni pé wọ́n dára fún ẹni tó dá lójú pé fáànù rẹ̀ jẹ́ ojúlówó ti ọkọ̀ ojú omi. Mo ń padà bọ̀ sórí fáànù láìpẹ́.

Ibi tí à ń fi imú sí ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé, ibẹ̀ náà ni èmi alára ti kọ́kọ́ kùnà. Ọmọkùnrin rewáyà tó bá mi ṣe é mọ iṣẹ́ mọ́tò dunjú. Ó wo inú ihò, ó rí omi nísàlẹ̀, ó wá gbé imú náà sókè, ó kù díẹ̀ kó kan ìdérí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi síbí, ibí ló gbẹ jù, omi ò ní débẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi, mo sì gbà. Kò ju oṣù méjì lọ tí a fi gúnlẹ̀ sí Tarkwa Bay, mo ṣí ìdérí láti wo ọ́ìlì, òórùn epo sì gbá mi nímú. Mo wo ojú ẹ̀rọ: iná àwọ̀ ewé, fèrè kò dún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo na ọrùn sínú ihò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí mo ti tàn níta. Lẹ́yìn táǹkì, níbi tí rọ́bà tó ti ẹnu ìrọ́po sọ̀kalẹ̀ ti wọnú táǹkì, kílíìpù kan ti ipata jẹ ti dẹ̀, ẹ̀kán epo kan sì ń tàn yanran ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, á tóbi, á já bọ́, òmíràn á tún bẹ̀rẹ̀. Ooru epo ti kún ìsàlẹ̀ ihò, imú ẹ̀rọ mi sì jókòó sókè níbi tó gbẹ, kò gbọ́ nǹkan kan. Bí mo ṣe padà délé ni mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Ìdá kan nínú mẹ́ta ihò náà láti ìsàlẹ̀ ni ibi tó yẹ kí imú wà, lókè ibi tí omi máa ń dé. Láti mọ ibi tí omi ń dé, ẹ má gbára lé omi tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ara ògiri ihò náà: ìlà dúdú kan yóò wà níbẹ̀, tí ọ́ìlì àti ìdọ̀tí fi sílẹ̀, ibẹ̀ ni omi ti ga dé rí. Èmi máa ń fi ìka mẹ́rin kún un, mo sì máa ń kọ ojú imú sísàlẹ̀ kí omi má bàa dúró lórí àwọ̀n rẹ̀, bí ìwé ìlò rẹ̀ kò bá sọ ohun mìíràn. Ẹ má fi í síwájú páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ tútù wọlé, nítorí afẹ́fẹ́ náà yóò máa fọ̀ ọ́ lójú, kò sì ní gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìgun kejì. Ẹ má fi í sí abẹ́ asẹ́ ọ́ìlì tàbí ibi tí bẹ́líìtì ń fín omi sí, ẹ sì jìnnà sí páìpù ẹgisọ́ọ̀sì tó ń gbóná. Bí ògiri bá pààlà sí àárín táǹkì àti ẹ́ńjìnnì, imú méjì ni ẹ ó rà, ọ̀kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Imú kan kò lè gbọ́ òórùn láti ìyẹ̀wù kejì.

Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ ṣí gbogbo ìdérí kí ibẹ̀ fẹ́ dáadáa, kí ẹ sì rí i pé epo kankan kò jò. Ẹ yọ orí bátìrì, èyí tó ní àmì ìyọkúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Dírílì oníná máa ń ta iná láti inú ara rẹ̀, nítorí náà, bí imú ẹ̀yin fúnra yín bá gbóòórùn epo díẹ̀ pẹ́rẹ́, kò sí lílu ihò lọ́jọ́ náà. Wáyà tó wá pẹ̀lú imú ni kí ẹ lò. Bí kò bá gùn tó, ẹ ra ìfàgùn tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe, ẹ má gé e kí ẹ fi wáyà rédíò mọ́tò so ó. Ní ti wáyà tó ń gbé iná bọ̀ láti bátìrì, ẹ ra èyí tí wọ́n fi tánganran (tin) bo bàbà rẹ̀, nítorí bàbà lásán yóò dúdú láàrin ọdún kan lórí ọ̀sà. Ẹ gbé wáyà gba òkè, kó jìnnà sí omi ikùn ọkọ̀, kí ẹ sì fi kílíìpù dè é mọ́ ara ọkọ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 sí ara wọn. Ibi tí wáyà méjì bá ti pàdé, irin ìsopọ̀ tí a fi pílọ́ọ̀sì tẹ̀ pọ̀, tí a sì fi rọ́bà tí ń súnkì bò, ni ó yẹ kó wà níbẹ̀. Yíyí wáyà pọ̀ kí a fi téèpù dúdú wé e, bí àwọn rewáyà wa ṣe fẹ́ràn láti ṣe, kò bójú mu nínú ihò ẹ́ńjìnnì.

Ibo ni iná ẹ̀rọ náà yóò ti wá? Ọ̀pọ̀ ló ń so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ó lè máa tàn bí ẹ́ńjìnnì bá tàn. Mi ò fara mọ́ ọn. Imú náà nílò àkókò láti gbóná kó tó lè gbóòórùn, bí kọ́kọ́rọ́ tó jí i bá sì tún jẹ́ èyí tó ń tan ẹ́ńjìnnì, awakọ̀ tó ń kánjú yóò ti yí i dé òpin kí imú tó jí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fà á tààrà láti orí bátìrì, ó gba inú fíùsì tí kò jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, ó sì lọ sí súìṣì tirẹ̀ lọ́tọ̀ níwájú awakọ̀. Báyìí, ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn nínú ọkọ̀. Ìwé ìlò yóò sọ ìwọ̀n fíùsì náà, ó sì máa ń kéré. Bí bátìrì bá wà nínú ihò kan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, kí ilé fíùsì náà jẹ́ èyí tó dí, tí wọ́n ṣe fún ibi tí ooru epo lè wà. Àléébù ìlànà tèmi yìí ni pé bí ẹ bá gbàgbé láti pa súìṣì náà, tí ẹ sì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lè bá bátìrì tó ti kú nílẹ̀. Bátìrì ṣeé gba agbára padà.

Ẹ ṣọ́ra fún sílíkóònù. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí ihò, tó ń rùn bí ọtí kíkan, àti òróró sípíréè tí wọ́n fi ń dán rọ́bà, máa ń pa imú ẹ̀rọ yìí. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti bà á jẹ́ láìṣe pé ó kàn án, imú tó bá sì kú báyìí kì í pariwo. Gọ́ọ̀mù pọliyurétéènì ni mo fi dí ihò tí wáyà gbà kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ kun ọkọ̀ lọ́dà, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi fáíbà lẹ ibi tó ya, ẹ kọ́kọ́ yọ imú náà kúrò, ẹ gbé e lọ sílé.

Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ dára kí iṣẹ́ yìí tó nítumọ̀, páìpù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìsàlẹ̀ ihò náà, lókè omi. Mo ti rí ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ ti bàjẹ́, tí mẹkáníìkì sì wá fi fáànù réédíétọ̀ mọ́tò rọ́pò rẹ̀, nítorí pé òun ló wà ní Ládípọ̀. Fáànù mọ́tò ń ta iná nínú ara rẹ̀ bó ti ń yí. Ohun tí a gbà láti kó ooru epo jáde wá di ìṣáná. Kíkìsítátà àti alternator mọ́tò náà nìyẹn: wọ́n lè wọlé rẹ́gí, wọ́n lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ìbòrí dí kí iná inú wọn má bàa jáde. Ẹ wá ISO 8846 tàbí SAE J1171 lára wọn, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò pé iná inú wọn kò lè gbá ooru epo mú. Bí ẹ bá rí ohun èlò mọ́tò nínú ihò ẹ́ńjìnnì yín, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ pààrọ̀ ìyẹn kí ẹ tó ra ẹ̀rọ agbóòórùn kankan.

Kí ẹ tó fi imú síbi tí yóò wà títí, ẹ dán an wò lórí tábìlì, lórí ilẹ̀, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Ẹ so ó mọ́ bátìrì, ẹ jẹ́ kó gbóná dé àkókò tí ìwé ìlò sọ, kí ẹ sì dán an wò bí ìwé náà ṣe là á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń lo gáàsì láítà tí a kò tan: ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì péré, láti ìta àwọ̀n, fèrè yóò sì dún. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ títí, ẹ má sì ri imú sínú bẹntiróòlù láé, nítorí àpọ̀jù lè bà á jẹ́ pátápátá. Bọ́tìnnì ìdánwò tó wà lójú ẹ̀rọ kò tó. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tó ń fi hàn ni pé iná àti fèrè ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe pé imú ṣì ń gbóòórùn.

Ní ti bí a ó ṣe máa lò ó, òfin Amẹ́ríkà ti pọn fáànù ní dandan fún ọkọ̀ oníbẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ihò, bí a bá kàn án lẹ́yìn oṣù Keje ọdún 1980, pẹ̀lú àkọlé tó ní kí awakọ̀ jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4, kó sì yẹ ihò náà wò, kó tó tan ẹ́ńjìnnì. Bí tòkunbọ̀ lọkọ̀ yín, àkọlé náà lè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ètò tèmi ni pé mo máa ń kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ agbóòórùn, mo ṣí ìdérí, mo fi imú tèmi náà gbọ́ ọ, mo wá tan fáànù fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́. Bí a bá rọ epo tán, kò sí ẹni tó ń wọkọ̀ padà títí ètò yìí yóò fi parí, bí èrò tilẹ̀ ń kùn ní jẹ́tì. Kẹ́ẹ̀gì tó ṣeé gbé, orí jẹ́tì ni a ti ń rọ epo sínú rẹ̀, kì í ṣe nínú ọkọ̀.

Bí fèrè bá dún kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ má tan ohunkóhun, ẹ má sì pa ohunkóhun, fáànù pẹ̀lú, nítorí súìṣì kékeré lè ta iná. Ẹ kó èrò sọ̀kalẹ̀, ẹ ṣí gbogbo ìdérí, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn ọ̀sà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó wá ibi tí epo ti ń jò. Bí ó bá dún lójú omi, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kò sí sìgá, kò sí sítóòfù, kí gbogbo ènìyàn wọ ẹ̀wù amúniléfòó (life jacket) wọn kí wọ́n sì lọ sí iwájú ọkọ̀, kí ẹnìkan ṣoṣo lọ ṣí ìdérí. Ẹ̀rọ náà lè dún nítorí ọ̀dà tútù tàbí ọṣẹ olóòórùn líle tí wọ́n fi fọ ọkọ̀, èmi náà ti rí i bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ojú rí i pé kò sí epo kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀.

Lóṣooṣù, mo máa ń fi aṣọ gbígbẹ nu ojú imú, mo sì máa ń wo ìdè wáyà rẹ̀ bóyá ipata ti mú un. Ọjọ́ tí mo fi imú sí i ni mo kọ déètì rẹ̀ sí abẹ́ ìdérí ihò ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú máákà dúdú, mo kọ ọdún tí yóò gbó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i, ìbáà ṣe èmi tàbí mẹkáníìkì tí n kò mọ̀ rí, lè rí i.